Fódà Láíbírì Arduino Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Àjèjì: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ sì Tún Un Ṣe

Bí ẹ bá ń lo Arduino IDE àtijọ́ (ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ kóòdù fún bóòdù Arduino), àwọn tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ó ṣeé ṣe kí ẹ ṣí fódà libraries lọ́jọ́ kan kí ẹ sì bá orúkọ àjèjì níbẹ̀: arduino_482913, arduino_70651, tàbí irú ẹ̀. Láíbírì DHT tí ẹ fi síbẹ̀ ńkọ́, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀ ooru àti ọ̀rinrin? Ẹ ò rí i mọ́. Ẹlòmíì á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹlòmíì á yọ IDE kúrò pátápátá, á tún un fi sórí kọ̀ǹpútà, á sì bá fódà náà níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, torí pé yíyọ IDE kúrò kì í fọwọ́ kan àwọn láíbírì tó wà nínú Documents. Iṣẹ́ àṣedànù nìyẹn, pàápàá fún ẹni tó ń fi dátà ara rẹ̀ dáńlóòdù.

Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. IDE fúnra rẹ̀ ló sọ fódà yẹn lórúkọ. Iṣẹ́ tó dáwọ́ lé ni kò parí. Láíbírì yín ṣì wà nínú fódà onínọ́ńbà yẹn, lódindi lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ títí ẹ ó fi wo inú rẹ̀.

Àwọn tí kò tíì lè kúrò lórí 1.x ni mo ń bá sọ̀rọ̀. IDE 2.0 jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Windows 10 tó jẹ́ 64-bit ló sì kéré jù tó ń béèrè. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ rà l'Ákùúrẹ́ láti fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní FUTA, tí Windows 7 wà lórí rẹ̀ tí RAM rẹ̀ ò sì ju 2GB lọ, kò lè gbé e. 1.8.19, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ni irú wọn ń lò, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Kìkì pé ó ní àwọn ìwà kan tó yẹ kéèyàn mọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an

Láti 1.6.2, ní ọdún 2015, ni Library Manager ti wà nínú IDE. Tí ẹ bá tẹ Install tàbí Update níbẹ̀, ohun tó ń ṣe rèé. Ó máa dáńlóòdù ZIP láíbírì náà. Ó máa ṣẹ̀dá fódà onígbà díẹ̀ kan sínú libraries gan-an, á pè é ní arduino_ pẹ̀lú nọ́ńbà tó ṣàdédé mú, á sì tú ZIP náà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa pa láíbírì àtijọ́ rẹ́. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ló máa wá yí orúkọ fódà onígbà díẹ̀ náà padà sí orúkọ gidi.

Bí ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí bá kùnà, IDE ò ní sọ fún yín. Kò sí lẹ́tà pupa, kò sí ìkìlọ̀ kankan pé ó kùnà. Ẹ máa rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí, nígbà tó jẹ́ pé fódà náà ṣì ń jẹ́ orúkọ ìgbà díẹ̀.

Kí ló máa ń mú un kùnà? Ohun tó wọ́pọ̀ jù lórí Windows ni pé ètò mìíràn di nǹkan kan mú nínú fódà àtijọ́. Windows kì í jẹ́ kí a pa fáìlì tí ẹlòmíì dì mú rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wá fáírọ́ọ̀sì lè máa yẹ fáìlì tuntun wò lọ́wọ́. OneDrive lè máa gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Fèrèsé cmd (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows) tí ẹ ti cd wọ inú fódà náà, tí ẹ sì gbàgbé sílẹ̀, tó láti dí i lọ́nà. Notepad kì í di fáìlì mú tó bá ti kà á tán, ẹ má dá a lẹ́bi. Àmọ́ Word ń dì í mú, ètò tí a fi ń ka PDF náà sì ń dì í mú.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe ẹ̀rọ tó ń wo ooru àti ọ̀rinrin níbi tí wọ́n ti ń gbẹ kòkó. DHT22 ló lò. Ó dáńlóòdù datasheet DHT22, ìwé àlàyé sẹ́ńsọ̀ náà, PDF ni, ó sì fi í sínú fódà DHT_sensor_library kó má bàa sọnù. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn lójú tirẹ̀. Ó ṣí PDF náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ IDE, ó ń kà á lọ, ó wá tẹ Update nínú Library Manager. IDE tú ẹ̀dà tuntun sínú arduino_ kan. Ó yíjú sí fódà àtijọ́, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, àfi PDF tó ṣí sílẹ̀. Fódà náà kò ṣófo, nítorí náà kò lọ. Bí IDE ṣe wá fẹ́ fún tuntun ní orúkọ DHT_sensor_library, orúkọ náà ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ó jáwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, láíbírì mi ti di nọ́ńbà o," ló sọ nígbà tó gbé e dé. Ohun tó wà nínú libraries rẹ̀ ni fódà méjì: DHT_sensor_library tí PDF nìkan ṣoṣo kù sínú rẹ̀, àti arduino_ kan tí gbogbo kóòdù wà nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ IDE sì ń kọ Invalid library found in, pẹ̀lú ọ̀nà tó lọ sí DHT_sensor_library, pé òun ò rí fáìlì .h kankan (èyí tí kóòdù fi ń pe láíbírì) níbẹ̀. Ìkìlọ̀ yẹn tọ̀nà. Fódà tó ń jẹ́ orúkọ gidi gan-an ni kò ní nǹkan nínú.

Iná tó lọ náà ń fa tirẹ̀. Tí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ti kú, tó jẹ́ wáyà ló ń gbé e, tí iná wá lọ láàárín ìgbà tí IDE ti pa ti àtijọ́ rẹ́ tí kò sì tíì fún tuntun lórúkọ, èyí tó ń jẹ́ nọ́ńbà nìkan lẹ máa bá nígbà tí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ fódà wo ni IDE ń kà

Ẹ pa IDE dé ná. Ẹ da gbogbo fódà libraries kọ sí ibòmíràn, orí flash tàbí Desktop. Ẹ má dà á kọ sínú libraries fúnra rẹ̀ o: gbogbo fódà tó bá wà níbẹ̀ ni IDE 1.x ń kà sí láíbírì, ẹ̀dà tí ẹ fi pamọ́ á wá di wàhálà kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún IDE ṣí, ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà Preferences. Àpótí òkè pátápátá níbẹ̀ ni Sketchbook location. Inú fódà tó wà níbẹ̀ ni libraries tó kàn yín wà. Lórí Windows, Documents\Arduino ló sábà máa ń jẹ́; lórí Linux, fódà Arduino nínú fódà home yín.

Ẹ ka ọ̀nà náà dáadáa. Tí OneDrive bá wà nínú rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé OneDrive ti gba Documents yín mọ́ra, ó sì ṣeé ṣe kí Documents méjì wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ọ̀kan nínú OneDrive, ọ̀kan níta. Ọ̀pọ̀ láíbírì tí wọ́n ní ó sọnù, inú Documents kejì ló wà. Ẹ wo méjèèjì kí ẹ tó sọ pé nǹkan sọnù.

Ẹ bi fódà náà léèrè orúkọ rẹ̀

Orúkọ ara fódà lè parọ́. Inú fáìlì kan tó ń jẹ́ library.properties ni orúkọ gidi wà. Láti ìgbà ẹ̀dà 1.5 ni láíbírì ti ń gbé e dání. Ẹ fi Notepad ṣí i. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú name= ni orúkọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú version= ni nọ́ńbà ẹ̀dà. Tí Windows bá ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́, library lásán lẹ máa rí, kì í ṣe library.properties; òun náà ni.

Tí fódà bá pọ̀, ẹ má ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí cmd, ẹ cd sínú libraries, kí ẹ tẹ èyí:

findstr /s /b "name= version=" library.properties

Gbogbo láíbírì á jáde, orúkọ fódà lápá òsì, orúkọ gidi àti ẹ̀dà lápá ọ̀tún. Lórí Linux, ẹ̀yin náà ní tiyín:

grep -e "^name=" -e "^version=" */library.properties

Ìlà méjì yìí ló ń dín iṣẹ́ kù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ máa rí i lójú ẹsẹ̀ pé arduino_482913 ni DHT sensor library, pé arduino_70651 ni Servo, àti bóyá láíbírì kan wà lẹ́ẹ̀mejì.

Láíbírì tó ti pẹ́ gan-an lè má ní library.properties rárá. Fáìlì .h ni kí ẹ wò fún irú rẹ̀. Tí DHT.h bá wà níbẹ̀, DHT ni kí ẹ pè é. Tí kò bá sí .h kankan, tó jẹ́ fódà mìíràn ni ẹ bá nínú fódà náà, DHT-master nínú DHT-master, Extract All orí Windows ló fà á. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú fódà ti inú bọ́ sínú fódà ti ìta, kí ẹ wá pa ti inú tó ti ṣófo rẹ́.

Yíyí orúkọ padà

Ẹ pa IDE dé. Ẹ pa PDF dé, ẹ pa cmd tó wà nínú fódà náà dé, ẹ dá OneDrive dúró díẹ̀.

Orúkọ tí Library Manager fúnra rẹ̀ ìbá fún fódà náà ni kí ẹ fún un: ẹ mú ohun tó wà níwájú name=, ẹ fi àmì _ dípò àyè. DHT sensor library á di DHT_sensor_library. LiquidCrystal I2C á di LiquidCrystal_I2C. Adafruit Unified Sensor á di Adafruit_Unified_Sensor. Láti inú cmd:

ren arduino_482913 DHT_sensor_library

Tí Windows bá ní orúkọ náà ti wà, ẹ wo inú ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ èérún ló kù síbẹ̀, bíi ti ọmọ oníkòkó wa yìí, ẹ yọ ohun tí ẹ fẹ́ jáde nínú rẹ̀, PDF tàbí ohun tí ẹ kọ fúnra yín, kí ẹ pa ìyókù rẹ́. Tó bá jẹ́ láíbírì odindi ni, ẹ fi version= wọn wéra. Èyí tó tuntun jù ló sábà máa ń dúró. Àmọ́ tí kóòdù yín bá ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ti àtijọ́, tí ẹ sì máa gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti àtijọ́ ni kí ẹ dá dúró. Ẹ gbé tuntun kúrò nínú libraries títí ẹ ó fi gbèjà tán. Kò sí ẹni tó máa bi yín lórí pátákó pé ẹ̀dà wo lẹ lò.

Tí Windows bá kọ̀ láti yí orúkọ náà padà, nǹkan kan ṣì dì í mú. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ ṣe é kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi lọ wá ètò àkànṣe láti fi tú u sílẹ̀.

Àwọn orúkọ àjèjì mìíràn

Kì í ṣe gbogbo orúkọ tí ẹ ò mọ̀ ló jẹ́ àìsàn. Fódà tó parí sí -master tàbí -main wá tààrà láti GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, tó máa ń fi orúkọ ẹ̀ka kóòdù kún orúkọ ZIP. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni main ti di ẹ̀ka àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ tuntun níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí méjèèjì. 1.8 ò bínú sí i. Ẹni tó ṣì ń lo 1.0.x nìkan ló máa rí i tí IDE ń sọ pé The library cannot be used, pé lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ yọ àmì - àti ohun tó tẹ̀lé e kúrò, ó tán.

Àwọn tó ní (1) tàbí - Copy lẹ́yìn, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Wọ́n dáńlóòdù ZIP kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí wọ́n gba libraries ọ̀rẹ́ wọn lórí flash tí wọ́n sì dà á lé tiwọn lórí. Irú àdàpọ̀ yìí ló ń mú kí láíbírì kan wà lọ́nà mẹ́ta. Ẹ fi findstr mú wọn.

Àṣìṣe kan sì wà tí kì í ṣe ti orúkọ rárá, àmọ́ tí gbogbo èèyàn máa ń kà mọ́ ọn: fatal error: Adafruit_Sensor.h: No such file or directory. Láíbírì DHT ti ilé iṣẹ́ Adafruit ò dá dúró, ó nílò Adafruit Unified Sensor. Ẹ fi ìyẹn náà síbẹ̀. Yíyí orúkọ padà títí di ọ̀la ò lè wò ó sàn.

Ṣé ó ti dáa báyìí?

Ẹ ṣí IDE, ẹ lọ sí Preferences, ẹ fi àmì sí compilation níwájú Show verbose output. Ẹ wá tẹ Verify. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìlà, IDE á sọ láíbírì tó lò, ẹ̀dà rẹ̀, àti fódà tó ti mú un. Ẹ ka ọ̀nà fódà náà. Ẹni tí kò kà á kò tíì yẹ nǹkan kan wò.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn rèé. Nígbà tí láíbírì méjì bá ní fáìlì .h kan náà, orúkọ fódà wà lára ohun tí IDE fi ń yan èyí tó máa lò. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bá bá ti .h mu ló ń borí. Servo wà nínú IDE láti ilé. Ẹ ṣe Update rẹ̀, tuntun wá há sínú arduino_70651. Sketch yín, ìyẹn kóòdù tí ẹ kọ fún bóòdù, ṣì lè kọjá Verify láìsí ẹ̀fọ́rí, torí pé Servo àtijọ́ tó wà nínú fódà IDE ni ó mú. Ẹ máa rò pé tuntun lẹ ń lò. Ohun tó máa tú àṣírí rẹ̀ ni ìlà Multiple libraries were found for "Servo.h", tí Used àti Not used tẹ̀lé. Ẹ wo èyí tó wà níwájú Used.

Tí ẹ bá yí orúkọ padà tán tí IDE ṣì ń ka ti àtijọ́, ẹ pa gbogbo fèrèsé IDE dé kí ẹ tún un ṣí.

Kó má bàa tún ṣẹlẹ̀

Ẹ máa pa ohun tó bá ṣí nínú libraries dé kí ẹ tó tẹ Update. Datasheet àti àkọsílẹ̀ yín, inú fódà sketch ni kí wọ́n wà. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi sínú fódà láíbírì ni Update máa gbá lọ, títí kan kóòdù tí ẹ ti tún ṣe fúnra yín. Tí OneDrive bá wà, ẹ ṣẹ̀dá fódà sí C:\Arduino, ẹ da libraries àti sketch yín síbẹ̀, kí ẹ sì yí Sketchbook location sí i. Bátìrì tó ti kú, ẹ dúró de iná tó dúró dáadáa, tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀.

Fódà arduino_build_ àti arduino_cache_ tí ẹ máa rí nínú Temp, wọn kì í ṣe láíbírì. Ibi tí IDE ti ń kó kóòdù jọ ni wọ́n. Tí IDE bá ti wà ní pípa, ẹ lè pa wọ́n rẹ́ láìsí ìyà. Àwọn láíbírì tó wà nínú Arduino15\packages ní tiwọn, Boards Manager ló ni wọ́n. Ẹ má yí orúkọ ìkankan níbẹ̀ padà. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ lọ sí Boards Manager, ẹ yọ bóòdù náà kúrò, kí ẹ tún un fi sí i.